Ẹ̀rí Josephus Níti Ìgbàgbọ́ Àwọn Júù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn ìwé Josephus, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí láìsí i, díẹ̀ ni à bá mọ̀ níti àwọn Júù ní ọjọ́ Olúwa wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń kà á bí ẹni ń ka Ìwé Mímọ́. Èyí ni a kò lè gbà.

Ta ni ẹlẹ́rìí yìí? Ọmọ ilé àlùfáà ni, tí a bí ní ọdún 37. Ó jẹ́ balógun àwọn Júù ní Gálílì, ṣùgbọ́n ní ọdún 67 ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Vespasian, olórí ogun Róòmù. Titus, ọmọ Vespasian, ni ó kó Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70. Ilé àwọn wọ̀nyí ni Josephus sì ti rí oúnjẹ jẹ nígbà tí ó ń kọ̀wé. Nítorí náà, bí ó bá wí pé Titus kò fẹ́ kí a sun Tẹ́ḿpìlì, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ń bọ́ ọ.

Níti ìgbàgbọ́, ó wí pé àwọn Farisí gbà pé ọkàn kì í kú, àwọn Sadusí sì sẹ́ ẹ. Ìṣe Àwọn Aposteli 23 kò jìnnà sí èyí. Ṣùgbọ́n ìrètí àjíǹde ni ó fi ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì bò. Àní ó fi àwọn Farisí wé àwọn Stoiki, kí ó lè dùn létí àwọn tí ó ń kọ̀wé sí.

Ó tún wí pé àwọn Farisí ju 6,000 lọ, àwọn Ésénì sì ju 4,000 lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Júù kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan: àgbẹ̀ àti apẹja ni wọ́n, tí ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, tí ń gòkè lọ sí àjọ Ìrékọjá. Àwọn wọ̀nyí ni a ń gbàgbé nígbà tí a bá ń wàásù bí ẹni pé gbogbo Júù ni Farisí, tí gbogbo Farisí sì jẹ́ àgàbàgebè. Paulu kò tijú láti pe ara rẹ̀ ní Farisí.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Láti ọdún 1947 ni a ti ń rí ìwé kíká nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Iyọ̀, tí a kọ púpọ̀ nínú wọn kí a tó bí Josephus. Níbẹ̀ ni Júù ti ń bá Júù sọ̀rọ̀, láìsí Kesari láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn pẹ̀lú, kí a tó dá àwọn Júù lẹ́jọ́ lórí àga ìwàásù.