Omi Dára Lójú, Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Mo máa ń rò pé èèyàn nìkan ni òwe yìí ń bá wí, àfìgbà tí mo dé òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Ìbàdàn nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde tó kọjá. Àbúrò màmá mi ló ń ṣe ọjọ́ìbí, wọ́n sì ní kí gbogbo àwa ọmọ ẹbí wá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Wọ́n san 5,000 náírà lórí àgbà kọ̀ọ̀kan àti 3,000 náírà lórí ọmọdé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a fi owó náà rà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

N kò ní parọ́, ibẹ̀ rẹwà. Ilẹ̀ ń dán, iná aláràbarà wà lábẹ́ omi, ilé ìwẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bí ó bá jẹ́ ojú nìkan ni a fi ń fún èèyàn ní máàkì, wọn ì bá gba púpọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n wọn kò kọ bí omi ṣe jìn tó sí ibì kankan. Kò sí okùn tó pààlà sáàárín ibi tí ọmọdé lè dúró sí àti ibi tó jìn. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ń rìn nínú omi tó mù ún dé àyà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì bá ilẹ̀ mọ́. Kò pariwo. Mo wà nítòsí, mo rò pé eré ló ń ṣe. Bàbá kan tí a kò mọ̀ rí ló fà á jáde. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù olùṣọ́ omi ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ fún àwọn oníbàárà lódìkejì. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo, nítorí kò rí èémí tí yóò fi ké. Ìdí nìyí tí olùṣọ́ omi kò fi gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lágbàáyé lọ́dún 2021, àwọn ọmọdé sì pọ̀ gan-an nínú wọn.

Ohun kejì ni òórùn. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn oògùn apakòkòrò ti ń ta wá nímú, ojú wa sì pọ́n. Àǹtí mi ní, "Ẹ ò rí i pé omi yìí mọ́!" Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí a wọlé padà tí olùkọ́ Kẹ́místírì wa là mí lọ́yẹ. Ìgbà tí kílóríìnì bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ nínú omi ló ń di nǹkan mìíràn tó ń ta ni nímú. Òórùn líle kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa wọn omi náà lójoojúmọ́, kí kílóríìnì wà láàárín mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan, kí pH wà láàárín 7.2 sí 7.8, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí oníbàárà lè kà á. N kò rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Jíìmù wọn náà kò yàtọ̀. Ẹ̀rọ ìsáré mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Okùn kékeré tí à ń há mọ́ aṣọ, tó ń dá ẹ̀rọ dúró bí èèyàn bá ṣubú, kò sí lára méjì. Bí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn, ẹlòmíràn á gùn ún bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àkísà tí wọ́n lè fi nù ún.

Ẹnì kan lè sọ pé dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, iná kò sì dúró, kí a má retí púpọ̀. Òótọ́ ni pé nǹkan wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọn yóò fi kọ nọ́ńbà sí etí omi, okùn kan, ìwé kan àti bíírò kan, èwo nínú wọn ló wọ́n tó iná aláràbarà abẹ́ omi? Ohun tí oníbàárà yóò rí ni wọ́n náwó lé. Èyí tí kò ní béèrè, wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ̀bi náà kan àwa pàápàá. Èmi kò wẹ̀ kí n tó wọ inú omi, bẹ́ẹ̀ ilé ìwẹ̀ kò jìnnà. Àwọn àgbà wa ń ya fọ́tò. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè ohunkóhun kí a tó sanwó.

Ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ máa ń kó wa lọ ìgbafẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Báwo ni omi yìí ṣe jìn tó? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Ìgbà wo ni ẹ wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn? Bí wọn kò bá rí i dáhùn, ẹ kó wa padà sílé. Iná abẹ́ omi kọ́ ló gba àbúrò mi là lọ́jọ́ náà. Bàbá kan tó lajú sílẹ̀ ni.