Ẹsẹ̀ Ló Ń Gbé Ohùn Rìn: Líle àti Rírọ̀ Pẹ́dàlì Gìtá Onírin

Ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn ń yìn bí wọ́n bá gbọ́ gìtá onírin. Mi ò bá ọwọ́ jà, ṣùgbọ́n abẹ́ gìtá náà, níbi tí òǹwòran kì í yọjú sí, ni ìdajì ẹwà rẹ̀ ti ń wá.

Gìtá yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́rùn. Ó nàró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, olórin jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ òsì yí irin róbótó kiri lórí okùn, ọ̀tún sì ń ta á. Àwọn ará Hawaii ló dá fífi irin ta gìtá sílẹ̀, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti so pẹ́dàlì mọ́ ọn. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ pẹ́dàlì kò ju pé kó yí ohùn àwọn okùn padà kí olórin tó ta wọ́n. Bud Isaacs ló yí ìyẹn padà nínú orin “Slowly” ti Webb Pierce, tó gbòde ní 1954: ó tẹ pẹ́dàlì nígbà tí okùn ṣì ń dún. Etí wá gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń gòkè lọ nígbà tí ìkejì rẹ̀ dúró lójú kan. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ bí pẹ́dàlì ṣe le tó ti kúrò ní ti mẹkáníìkì nìkan.

Okùn mẹ́wàá ló wà lórí ìtò tí wọ́n ń pè ní E9. Pẹ́dàlì A ń fa okùn karùn-ún àti ìkẹwàá láti B dé C♯. Pẹ́dàlì B ń fa ìkẹta àti ìkẹfà láti G♯ dé A. Tẹ méjèèjì pọ̀, kọ́ọ̀dù E á di A, láìjẹ́ pé irin ọwọ́ òsì sún rárá. Lábẹ́, ọ̀pá ìdábùú kan ló ń yí bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀. Apá irin kékeré tó wà lára rẹ̀ á fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn á sì fa ìka irin tí okùn kọ́ sí lápá ọ̀tún. Apá irin yẹn ní ihò mélòó kan, ìka náà ní. Bí a bá ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tó jìnnà sí ọ̀pá ìdábùú, ohùn á tètè débi tó ń lọ, ṣùgbọ́n pẹ́dàlì á le. Bí a bá sún un mọ́ ọ̀pá, á rọ̀, ẹsẹ̀ á sì rìn jìnnà. Lára ìka irin, òdìkejì rẹ̀ ni: ihò tó jìnnà sí ibi tí ìka ti ń yí ló ń rọ̀. Kò sí ihò tó ń fúnni ní méjèèjì.

Ẹ wo okùn kẹta àti ìkẹfà dáadáa. G♯ ni àwọn méjèèjì, ọ́kítéèfù kan ló wà láàárín wọn. Bí gígùn wọn bá dọ́gba, tí wọ́n sì jẹ́ okùn gbọọrọ tí a kò wé wáyà mọ́, ìkẹta gbọ́dọ̀ nà ní ìlọ́po mẹ́rin ìkẹfà kí wọ́n tó jọ fi ààbọ̀ tóònù kan náà gòkè. Ẹni tó bá fi ihò kan náà fún méjèèjì, ìkẹfà á ti débẹ̀ nígbà tí ìkẹta ṣì wà lọ́nà, etí á sì gbọ́ ìjà. Okùn kẹfà tí a wé wáyà mọ́ máa ń dín ìyàtọ̀ náà kù, nítorí inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn nọ́ọ̀tì ọ̀rá (nylon nut) tó wà lẹ́nu ìkángun gìtá ló ń sọ ibi tí ohùn máa dúró sí, ẹ̀rọ ayẹ̀wò-ohùn sì lè bá wa fi ìyẹn sípò. Kò lè rí ọ̀nà tí ohùn gbà débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn gan-an ni à ń gbọ́ nínú orin. Nítorí náà, ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ gìtá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré, tó ń yan ihò fún okùn kọ̀ọ̀kan, ń kọ orin ni o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo.

Ọ̀pọ̀ olórin ń wá pẹ́dàlì tó rọ̀ bí òwú. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Onídùndún tó ń fi apá fún ọsán ìlù mọ ibi tí ohùn dé, torí pé ọsán ń tì í padà. Tú ọsán náà sílẹ̀ jù, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ẹsẹ̀ náà ń fẹ́ ohun tí yóò tì í padà, kó lè dúró ní agbedeméjì ọ̀nà tó bá wù ú. Pẹ́dàlì tó le tó sì yá dára fún orin eré sísá, níbi tí kò sáyè àtidúró. Èyí tó rọ̀ níwọ̀n, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn, ló bá ohùn tó ń falẹ̀ mu.

Ìdí nìyí tí mo fi ka Démọ́lá Adépọ̀jù, tó ta gìtá yìí, sí ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, lórí àwo Juju Music ní 1982 àti Synchro System ní 1983, ìlù ti kún gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn gìtá mìíràn sì ń bá ara wọn fèsì láìsinmi. Kò bá wọn du àyè. Ó ń na ohùn kan gùn lókè wọn, ó ń jẹ́ kó rọra yọ̀ dé ibi tó ń lọ, bíi pé kò gbọ́ pé àwọn ìyókù ń sáré. (Paul Simon náà mọ ohun tó ń wá nígbà tó pè é sí orin “Graceland” ní 1986.) Tẹ irú ohùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú pẹ́dàlì tí a tò fún eré sísá ti Nashville, á já débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn méjì tó tọ̀nà ni a ó gbọ́, yíyọ̀ tó wà láàárín wọn á ti sọnù.