Àwọn Tí Ń Hó fún Ẹgbẹ́ Kan Náà

Bí ènìyàn méjì bá ń ṣe àtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ eléré kan náà, a máa ń rò pé ọkàn wọn ti di ọ̀kan. Aṣọ aláwọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀, orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí, bí ẹgbẹ́ wọn bá sì borí, wọn a dì mọ́ ara wọn bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Síbẹ̀ ìhó kan náà lè ti ẹnu méjì jáde, kí ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọkàn ẹni kìíní sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé bá mi yẹ̀ wò. Ilé ẹ̀kọ́ tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Yunifásítì Mississippi, tí ó wà ní ìlú Oxford ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú bọ́ọ̀lù tí mo ń wí. Kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ní ilẹ̀ wa. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà gùn gbọọrọ, ó sì ní ṣóńṣó ní ìkángun méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú, àwọn tí ń ṣe é a sì dé akoto nítorí ìkọlù tí ó wà nínú rẹ̀. Eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ṣùgbọ́n pápá tí wọ́n ti ń ṣe é ní Oxford gba ènìyàn tí ó ju 60,000 lọ. Àwọn tí ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ náà láti ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn a máa wakọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a pàgọ́ sí abẹ́ àwọn igi ní gbangba kan tí wọ́n ń pè ní Grove, wọn a wọ aṣọ tí ó dára jùlọ, wọn a tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọn a jẹ, wọn a mu. Ẹni tí ó bá mọ bí àwa Yorùbá ti ń ṣe ìnáwó kò ní í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀tàn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ àpọ́nlé tí wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ náà ni Ole Miss. Ìwé ọdọọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ jáde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Ní ayé oko ẹrú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú ń pe ìyàwó olóko. Láti 1936 ni àwọn eléré wọn ti ń jẹ́ Rebels, èyí ni Ọlọ̀tẹ̀, ní ìrántí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí ó yapa kúrò lára Amẹ́ríkà, tí ó sì jagun láti 1861 di 1865 kí ẹrú níní má baà parẹ́ ní ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1948, ọdún tí àwọn olóṣèlú gúúsù kan yapa kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, àsíá ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà wọ pápá eré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a máa fì í, ẹgbẹ́ afọnfèrè a sì máa lu Dixie, orin àwọn ará gúúsù. Ní gbogbo àkókò yìí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ dúdú kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni nínú gbogbo ènìyàn 10 tí ń gbé ìpínlẹ̀ Mississippi nígbà náà, ó lé ní 4 tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú.

Ní 1962, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gba James Meredith wọlé, ọkùnrin dúdú kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun òfuurufú fún Amẹ́ríkà fún ọdún 9. Gómìnà Ross Barnett kọ̀ jálẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ole Miss ń bá ẹgbẹ́ Kentucky ṣeré ní Jackson, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí eré dé ìdajì, tí àwọn eléré lọ sinmi, Gómìnà bọ́ sí iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó na ìkúùkù sókè, ó sì wí fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn náà pé òun fẹ́ràn Mississippi, pé òun fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀ àti àṣà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ó fi pamọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo pápá hó gèè, àsíá sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì. Ole Miss borí pẹ̀lú 14 sí 0. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní Oxford. Ènìyàn 2 kú, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akọ̀ròyìn ará Faransé, Ààrẹ Kennedy sì ní láti rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ kí ọkùnrin kan ṣoṣo tó lè jókòó ní kíláàsì. Ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ Ole Miss kò pàdánù eré kan.

Mo pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí nítorí gbólóhùn kan tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ eré níbi gbogbo. Wọn a ní, “Ẹ má ṣe mú òṣèlú wọ inú eré.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó sọ ọ́ pé ta ni ó kọ́kọ́ mú òṣèlú wọ pápá Jackson. Gómìnà ni, àwọn tí ó hó fún un sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tí àsíá náà wù kò rí òṣèlú kankan lára rẹ̀. Aṣọ àjọ̀dún ni ó jẹ́ lójú tirẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn kọ̀ láti fọwọ́ kàn án ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di òṣèlú. Nítorí náà, nígbà mìíràn, ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wí ni pé kí òṣèlú tirẹ̀ nìkan ṣoṣo wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ní 1972, ọdún 10 gbáko lẹ́yìn Meredith, Ben Williams bọ́ sí pápá, ó wà lára àwọn dúdú 2 tí ó kọ́kọ́ wọ inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà. Akíkanjú eléré ni. Ní 1975 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò fún un láti jẹ oyè tí ó lọ́lá jùlọ fún ọkùnrin láàárín wọn, orúkọ oyè náà sì ni Colonel Rebel, Ọ̀gágun Ọlọ̀tẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n fi ọmọ dúdú jẹ oyè tí a fi ń rántí àwọn tí ó jagun kí irú rẹ̀ lè máa jẹ́ ẹrú. Àwọn kan rí i bí àmì pé ìjà ti parí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tí a fẹ́ ènìyàn nítorí agbára apá rẹ̀ kò tíì dé ibi tí a ti ń dán ìfẹ́ wò. Ìgbà tí ó bá la ẹnu sọ̀rọ̀ ni a ó mọ̀ bóyá òun gan-an ni a fẹ́ràn.

Ẹni tí ó la ẹnu ni John Hawkins. Ní 1982, òun ni dúdú àkọ́kọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣáájú ìhó fún ẹgbẹ́ náà. Àṣà wọn ni pé kí àwọn ọkùnrin inú wọn gbé àsíá ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọ pápá. Hawkins gba ipò náà, ṣùgbọ́n ó kéde pé òun kò ní í gbé àsíá yẹn. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ariwo ta. Wọ́n ní àṣà àwọn baba àwọn ni. Àwọn baba ta ni? Ọmọ Mississippi ni Hawkins náà, ó sì ní baba. Yorùbá ní ẹni tí yóò mú ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó.

Ní 1983 ọ̀gá àgbà yunifásítì náà kéde pé àsíá yìí kì í ṣe àmì ilé ẹ̀kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wù lè mú tirẹ̀ wá. Fún ọdún 14 sí i, wọ́n ń mú un wá. Olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, Tommy Tuberville, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáwọ́, nítorí àwọn ọmọ dúdú tí ó mọ eré ṣe ń rí àsíá náà, wọ́n sì ń gba ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ. Ní 1997 òfin tuntun kan jáde. Òfin náà kò dárúkọ àsíá rárá. Ohun tí ó sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọ̀pá wọ pápá mọ́, nítorí ó lè ṣe ènìyàn léṣe. Ó sì yé gbogbo ènìyàn pé àsíá tí kò ní ọ̀pá ti di aṣọ lásán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yin ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí mọ bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti ń dùn mọ́ aláṣẹ tó: ariwo a rọlẹ̀, kò sì ní í sí ẹni tí yóò lè wí pé a gba ẹ̀tọ́ òun lọ́wọ́ òun. Mo gbà pé ó ṣiṣẹ́, nítorí àsíá náà dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n mo rí àbùkù kan níbẹ̀. Ọ̀pá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn kò bá wọn sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ẹni tí ó ń fì àsíá padà sílé láì mọ ìdí tí ohun tí ó ń ṣe fi ń dun ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹni tí ó jókòó tì í náà padà sílé láì gbọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun tí ó ń dùn ún tó ohun tí í dun ni.

Àwọn àyípadà mìíràn tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwòrán arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan, tí ó múra bí olóko ìgbà ẹrú, tí ẹnìkan máa ń gbé wọ̀ láti jó ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní 2003 wọ́n dá a dúró. Wọ́n fi béárì dúdú rọ́pò rẹ̀ ní 2010, nígbà tí ó sì di 2018, wọ́n fi ẹja òkun eléyín mímú rọ́pò béárì. (Èyí kò dá mi lójú pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa jà lé lórí.) Ní 2016 ẹgbẹ́ afọnfèrè dẹ́kun lílu Dixie. Ọ̀rọ̀ orin yìí gún àwọn àgbà lọ́kàn púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí wọn. Bí obìnrin kan bá ti gbọ́ orin yẹn ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ pàdé ọkọ rẹ̀ ní Grove, orin ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń gbọ́, oko ẹrú kò sí ní ọkàn rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ́ tí ó bá pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ẹni ibi kò ṣe dáadáa, kò sì gbọ́n, nítorí ẹni tí a bá ti bú kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ìrántí dídùn tí ó wà lọ́kàn ẹnìkan kò yí ohun tí orin náà jẹ́ ní etí ẹnìkejì padà. Ẹ̀bi tí mo rí lọ́wọ́ àwọn àgbà náà ni pé wọ́n fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ dúró sí ọjọ́ tí wọ́n jáde níbẹ̀, bí ẹni pé kò sí ọmọ kan tí ó wọlé lẹ́yìn wọn. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ tuntun ń wọ ilé-ìwé tí ó bá wà láàyè. Ẹni tí ó jókòó ní kíláàsì lónìí, òun ni ó kọ́kọ́ ni í.

Ìjà tí ó tóbi jù ni ti àsíá ìpínlẹ̀ Mississippi fúnra rẹ̀. Láti 1894 ni àmì àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti wà ní igun rẹ̀. Ní 2001 àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò, nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, Kylin Hill, ọmọ dúdú kan tí ń ṣeré fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi, tí í ṣe abánidíje Ole Miss láti ọjọ́ pípẹ́, kéde pé bí wọn kò bá yí àsíá náà padà, òun kò ní í ṣeré ní orúkọ ìpínlẹ̀ náà mọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan yìn ín, àwọn mìíràn bú u. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn olùkọ́ eléré láti yunifásítì ìpínlẹ̀ náà lọ sí ilé aṣòfin ní Jackson láti bẹ̀bẹ̀ pé kí àsíá náà kúrò. Àwọn ti Ole Miss àti àwọn ti abánidíje wọn, tí wọn kì í fẹ́ràn ara wọn ní ọjọ́ eré, jọ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọ̀tá orí pápá rí ohun kan náà, nígbà tí àwọn tí ń hó fún ẹgbẹ́ kan náà kò rí i. Ilé aṣòfin dìbò ní ọjọ́ 28, Gómìnà sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30.

Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ayọ̀ mi kò kún. Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, àjọ tí ń darí eré àwọn yunifásítì gúúsù ti kìlọ̀ pé bí àsíá náà bá dúró, ó ṣeé ṣe kí àwọn má ṣe gbé ìdíje àṣekágbá kankan wá sí Mississippi mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé ìkìlọ̀ yìí kò sí lára ohun tí ó mú kí àwọn aṣòfin yára. Ẹkún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ti ń sun fún ọdún gbọọrọ kò yára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí èyí ti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn eré lójú.

Orúkọ Ole Miss kò tíì yí padà, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ń bá a lọ láti máa jiyàn lé e lórí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022, ó pé ọgọ́ta ọdún gééré tí Meredith wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kentucky kan náà ni ó wá bá wọn ṣeré, ní Oxford ní ìgbà yìí. Meredith ti di ẹni ọdún 89. Wọ́n bu ọlá fún un níbi eré náà. Ole Miss borí pẹ̀lú 22 sí 19. Àwọn tí ó borí náà ṣì ń jẹ́ Rebels, ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú sì wà nínú wọn.