Ṣé Orí Yìí Kò Ní Ara Ni?

Olùkọ́ wa mú àwa mẹ́fà lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń pe àwọn onímọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà. Àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá lé. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

Olùbánisọ̀rọ̀ wa mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi àwòrán hàn wá lára ògiri, wọ́n sì ṣàlàyé ọgbọ́n ọwọ́ asúdẹ. Asúdẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí, á fi ìda oyin bò ó, á fín ojú, imú àti ilà tín-ín-rín sára ìda náà, á sì tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí iná bá ti mú un, ìda á yọ́ jáde, idẹ gbígbóná á sì wọ àyè tó fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, nítorí fífọ́ ni yóò fọ́ amọ̀ ìta kí orí tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi tí kì í dákẹ́ ní kíláàsì kò sọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kan Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, tó ní ọgbọ́n àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi já irọ́ rẹ̀. Ṣé ẹnìkan wà nínú gbọ̀ngàn náà tó gbà á gbọ́ ni? Òkú ọkùnrin kan la ń bá jiyàn, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ ohun tí wọ́n ń fi orí náà ṣe.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní ká béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní Yorùbá làwọn máa sọ.

“Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Àwọn ìyá wa sọ fún wa nípa àkó, ère tó jọ olóògbé gan-an, tí wọ́n á wọ̀ láṣọ, tí wọ́n á gbé káàkiri ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí tiyín yìí kò ní ara ni?”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá Ìyá lóhùn. Ẹni tó jókòó tì wọ́n ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí wọn létí. Ìdáhùn náà dùn púpọ̀: Frank Willett náà ti rò bẹ́ẹ̀ nítorí ihò tó wà lọ́rùn àwọn orí náà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn wọ́n mọ́ ara igi fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo tún wo àwòrán náà. Èmi ti rò pé ìbàjẹ́ ni ihò wọ̀nyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni olóòtú ní àkókò ti tán.

Olùkọ́ wa ní n kò gbọdọ̀ sọ pé ohun tí àgbà bá ti wí ti di ẹ̀rí, pé àṣà Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ti Ifẹ̀ àtijọ́ dandan. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìbéèrè yẹn bẹ̀rẹ̀ ètò, tí wọ́n sì fi Yorùbá dáhùn, a ò bá ti ní nǹkan tó lágbára láti jọ yẹ̀ wò. Frobenius ì bá gba ìṣẹ́jú méjì péré.

Ní ẹnu ọ̀nà, Ìyá ṣì ń ṣàlàyé àkó fún ọlọ́dẹ. A yí wọn ká, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí awakọ̀ wa fi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta.