Búrẹ́dì Ni Ká Kọ́kọ́ Bi Léèrè

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Bẹ́jà, tó ń lọ sí Ìbàfò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Kara kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù lẹ́bàá odò Ògùn. Bó bá kọjá Ìbàfò, Mowe ló kàn, ilé oúnjẹ sì wà lọ́tùn-ún lósì. Màlúù wà lọ́nà, búrẹ́dì wà lórí àtẹ, ata àti àlùbọ́sà kún ọjà. Kò sí ohun tí bọ́gà ń wá tí kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, bọ́gà tó dáa ṣòroó rí.

Ẹni tó fi ìtọ́wò ṣiṣẹ́ kì í tètè dá ẹran lẹ́bi. Ohun tí òǹkọ̀wé yìí ti fẹnu kàn láti Ìbàfò títí dé Ifọ̀ ni pé búrẹ́dì ló sábà máa ń kọ́kọ́ ba bọ́gà jẹ́. Ẹran lè gbẹ díẹ̀, bama lè pọ̀ jù, ẹnu yóò ṣì gbà á. Ṣùgbọ́n tí búrẹ́dì bá kún fún ṣúgà, tó sì tú mọ́ni lọ́wọ́ ká tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, iṣẹ́ alásè ti bàjẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹran tó dùn jùlọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà nínú rẹ̀.

Bọ́gà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ yìí. Ní 1986 ni ilé iṣẹ́ UAC ṣí Mr Bigg's ní Èkó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà ti mọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó jókòó. Tantalizers bẹ̀rẹ̀ ní Festac ní 1997, bọ́gà gan-an ni wọ́n sì fi ṣílẹ̀kùn kí oúnjẹ mìíràn tó gba iwájú. Johnny Rockets ti Amẹ́ríkà dé Victoria Island ní 2012, Burger King dé ní 2021. Ní gbogbo àsìkò yẹn, McDonald's tí ayé mọ̀ mọ́ bọ́gà kò ṣí ẹ̀ka kankan sí Nàìjíríà. Àyè wá ṣí sílẹ̀ fún àwọn alásè kéékèèké láti máa dá tiwọn ṣe bó ṣe wù wọ́n.

Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ló gbé ìfẹ́ bọ́gà dání wá sí Ìbàfò àti Mowe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń bẹ níbẹ̀: láti 2015 ni Yunifásítì Mountain Top ti wà lápá Ìbàfò. Ní Mowe, ìjọ Rìdíìmù ti ní ilẹ̀ àgọ́ wọn láti 1983, èrò sì máa ń ya lọ síbẹ̀ fún ìsìn òru ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tebi bá ń pa lóru kò ní fẹ́ jókòó ti àwo ẹ̀bà. Ohun tí ọwọ́ kan lè mú ló ń wá.

Ẹnu tí wọ́n fi ń dájọ́ bọ́gà sì ti wà nílẹ̀ kí bọ́gà tó dé. Àkàrà àti búrẹ́dì ló kọ́ ọ. Ohun gbígbóná tó ní epo, iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà wà nínú. Búrẹ́dì tó le díẹ̀, tó lè fa epo náà mu láì já, wà lóde. Lórí ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kò sí ṣíbí, kò sí fọ́ọ̀kì. Ọmọ tó ń lọ síléèwé ní Ifọ̀ ti mọ̀ pé àkàrà tó tutù kò ṣeé fi sí búrẹ́dì kó tó gbọ́ orúkọ bọ́gà rárá.

Búrẹ́dì Agége tí wọ́n fi ń jẹ àkàrà yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí búrẹ́dì ní Èkó, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Òun ni wọ́n kà sí ẹni tó mú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò láàrin irin roboto méjì wọ iṣẹ́ náà. Ní Agége, Alhaji Ayokunnu wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì àdúgbò wọn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, nítorí pé àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ń rà á lọ. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ló gba Agége kọjá, òun náà ló sì gba Ifọ̀ kọjá.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń dájọ́. Bí wọ́n bá ti tẹ ìyẹ̀fun léraléra, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dínkù, búrẹ́dì á ki, á máa fà díẹ̀ lẹ́nu. Irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ lè gbé ọbẹ̀. Búrẹ́dì roboto tí ọ̀pọ̀ ilé bọ́gà ń rà kò rí bẹ́ẹ̀: ó fúyẹ́, ṣúgà rẹ̀ pọ̀, bí omi tòmátì bá ti kàn án, ó ti di ẹ̀kọ. Èyí kò wí pé búrẹ́dì rírọ̀ kò dáa. White Castle, tó bẹ̀rẹ̀ ní Wichita ní Amẹ́ríkà ní 1921, búrẹ́dì rírọ̀ ni wọ́n ń lò: orí ẹran àti àlùbọ́sà tó ń jinná lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e lé, kí ooru lè wọ̀ ọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí búrẹ́dì náà ṣe. Èyí tí wọ́n kàn yọ látinú ọ̀rá, tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n gbé fún oníbàárà ní tútù, kò sẹ́ni tó ronú sí i.

Nítorí náà, kí adájọ́ tó gé e jẹ, yóò kọ́kọ́ yí i padà, yóò wo abẹ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n ti fi bọ́tà yan inú búrẹ́dì náà díẹ̀ lórí irin? Yíyan yìí ló ń dí ojú búrẹ́dì kí omi má baà tètè wọlé. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: èyí tó dáa yóò padà bọ̀ sípò, èyí tó ti pẹ́ yóò dúró síbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bó bá ń ra búrẹ́dì lọ sílé láti fi dán an wò, yóò wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀. Àjọ náà ti fòfin de potassium bromate tí àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú, kò sì sí ahọ́n tó lè tọ́ ọ mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan ẹran.

Màlúù tí wọ́n ń kó wá sí Kara láti òkè ọya, koríko ni wọ́n fi dàgbà, wọ́n sì ti rìn púpọ̀. Ẹran wọn dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Bọ́gà sì ń fẹ́ ọ̀rá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sábà máa ń fẹ́ kó tó ìdá kan nínú márùn-ún ẹran náà. Alásè tó bá ní kí alápatà lọ ẹran itan nìkan fún òun, ẹran gbígbẹ ló ń lọ sè. Èyí tó gbọ́n yóò ní kí ó fi iké màlúù, tí àwọn onísúyà ń pè ní tózò, sí i, tàbí ẹran àyà. Ọ̀rá tó wà nínú ìwọ̀nyí ló máa ń yọ́ sínú ẹran nígbà tó bá ń jinná.

Ohun mìíràn tó ń ba ẹran jẹ́ lágbègbè yìí ni àpọ̀jù èròjà. Wọ́n á fi ẹyin sí i, wọ́n á fi ìyẹ̀fun sí i, wọ́n á fi kọ́rì, táìmù àti magí sí i, wọ́n á wá pò ó títí yóò fi di ohun tó jọ inú mítíìpáì. Iyọ̀ tó bá ti wọ inú ẹran lílọ̀ tipẹ́ máa ń jẹ́ kó ki kó sì le. Ìta ni ká fi iyọ̀ àti ata sí, nígbà tí ẹran bá fẹ́ wọ orí iná. Iná náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ gáàsì lò nítorí ọ̀wọ́n owó rẹ̀ máa ń dín iná kù, ẹran á sì máa hó nínú omi ara rẹ̀, kò ní dúdú. Irin gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí ara ẹran tó lè di àwọ̀ igi, kó sì máa ta sánsán. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ní kété tó bá bọ́ sórí irin ni. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ti jinná, ọ̀rá tó fowó rà ló ń tẹ̀ dànù.

Àwọn kan ti rí bọ́gà tí inú rẹ̀ pupa nínú fíìmù, wọ́n sì fẹ́ béèrè fún un. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn tó wà lóde ẹran nìkan tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọta ń pò mọ́ inú, ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà fi ní kí inú ẹran lílọ̀ gbóná dé 71 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí fírísà sì gbára lé jẹnẹrétọ̀, òfin yìí tún ṣe pàtàkì sí i. Kò burú kí oníbàárà bi olùtajà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ṣé òní lẹ lọ ẹran yìí?" Bí ó bá fèsì pé, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, kò tíì ju wákàtí méjì lọ," ó dáa. Bí ó bá ń wojú ọ̀gá rẹ̀ kó tó fèsì, ó kúkú dáa kéèyàn ra mítíìpáì.

Bama àti ketchup kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: tí wọ́n bá ń ṣàn lọ́wọ́, nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Kábéèjì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ dáa ju ewé lẹ́túùsì tó ti rọ lọ, nítorí pé ó máa ń dún lẹ́nu, ó sì máa ń fara da oòrùn Mowe. Àlùbọ́sà tí wọ́n fi ọ̀rá ẹran dín dáa ju tútù lọ. Ní ti ata, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí Mowe àti Ìbàfò wà, ibẹ̀ náà ni Ọ̀fàdà wà, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì. Ọbẹ̀ ata tútù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì yẹn, bí wọ́n bá dín in títí tó fi gbẹ, ṣíbí kan rẹ̀ lórí ẹran bọ́gà yóò lé ketchup jìnnà. Òǹkọ̀wé yìí dán an wò nílé, kò sì tíì rí ilé oúnjẹ tó ń tà á.

Nínú ìwé adájọ́ yìí, 100 ni máàkì. Búrẹ́dì ló ni 40, ẹran ló ni 35, àtò àti ata ló ni 15, owó ló ni 10. Èyí tí búrẹ́dì rẹ̀ kò bá ti tó 20, kò sí ìdí láti ṣírò ìyókù. Àwọn ilé tó ní àwòrán ńlá lára ògiri àti ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń gba máàkì lórí àtò, wọ́n á sì pàdánù rẹ̀ lórí búrẹ́dì. Àwọn tó ń fi páànù dín ẹran lẹ́bàá títì máa ń gba máàkì lórí ooru àti owó, wọ́n á pàdánù rẹ̀ lórí ẹran tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun lú.

Ẹyin ni ìjà rẹ̀ kò tíì parí. Àwọn kan gbà pé bọ́gà tí kò ní ẹyin díndín kò tíì pé. Àwọn mìíràn ní oúnjẹ àárọ̀ ni ẹyin, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ìdájọ́ òǹkọ̀wé yìí ni pé ẹyin tí pupa inú rẹ̀ ṣì rọ̀ lè rọ́pò bama, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dín gbẹ kò wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó lọ sọ́dọ̀ màì-ṣáì ní Ifọ̀ lálẹ́. Màì-ṣáì náà yóò la búrẹ́dì, yóò da ẹyin tí wọ́n ti pò mọ́ ata àti àlùbọ́sà sórí páànù, yóò fi ojú búrẹ́dì tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dì, yóò sì yí i padà kí ẹ̀yìn búrẹ́dì náà lè fa epo mu. Nínú 40 búrẹ́dì, ó kéré tán, 35 ni tirẹ̀. Bí alásè kan ní Mowe bá lè ṣe ẹran tózò lọ́nà kan náà, lórí búrẹ́dì Agége, kó má sì ju iye tí akẹ́kọ̀ọ́ lè san lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ kọjá 90 nínú ìwé yìí.