Láti Ojú-Ìwé Facebook dé Gbàgede Tahrir: Àgbéyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìwé Revolution 2.0 ti Wael Ghonim

Ìfáárà

Láti ìgbà tí ìfẹ̀hónúhàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Tùnísíà ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, tí ó sì ràn dé Íjíbítì ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ni ọ̀pọ̀ oníròyìn àti onímọ̀ ti ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó lé àwọn aláṣẹ aninilára kúrò lórí oyè ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ọ̀kan lára àwọn ìwé tí ó gbé èrò yìí ga ni Revolution 2.0, tí Wael Ghonim, ọmọ bíbí Íjíbítì, gbé jáde ní ọdún 2012. Ìtàn ìgbésí-ayé ara-ẹni ni. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ ọgbọ́n ìsọ̀tàn òǹkọ̀wé wò, a ó sì gbé èrò rẹ̀ yẹ̀ wò pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rí tí ó wà nínú ìwé náà lágbára ju èrò tí àkọlé rẹ̀ dúró fún lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì lè pe ènìyàn jọ. Kò lè bá wọn tún ìlú tò.

Òǹkọ̀wé àti Ìtàn Rẹ̀

Ghonim kì í ṣe òṣèlú. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ni ó ti dá ìkànnì ẹ̀sìn Ìsìláámù kan sílẹ̀, tí ń jẹ́ IslamWay. Lẹ́yìn náà ni ó di òṣìṣẹ́ Google ní Dùbáì, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ mọ́ ìpolówó ọjà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, àwọn ọlọ́pàá méjì lu Khaled Said, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 28, pa ní ìlú Alexandria. Àwọn aláṣẹ sọ pé egbògi olóró tí ó gbé mì ni ó há a lọ́fun. Àwòrán ojú rẹ̀ tí lílù ti bà jẹ́ ni ó já irọ́ náà. Ghonim rí àwòrán yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sunkún, ó sì ṣí ojú-ìwé kan lórí Facebook, tí ó pè ní Kullina Khaled Said, èyí tí ó túmọ̀ sí pé gbogbo wa ni Khaled Said. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ hàn.

Ojú-ìwé yìí wà lára àwọn tí ó pe ará ìlú jáde ní ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 2011, tí í ṣe ọjọ́ àyẹ́sí àwọn ọlọ́pàá ní Íjíbítì. Ní ọjọ́ 27, wọ́n gbé Ghonim lọ, wọ́n di í lójú, wọn kò sì tú u sílẹ̀ títí di ọjọ́ 7, oṣù Kejì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni Hosni Mubarak, tí ó ti wà lórí oyè láti ọdún 1981, fi ipò sílẹ̀.

Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn àti Ìlò Èdè

Ibi tí ìwé yìí ti dára jù lọ ni ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣàlàyé bí ó ṣe lo èdè. Ó fi "èmi" sọ̀rọ̀ lórí ojú-ìwé náà, bí ẹni pé Khaled fúnra rẹ̀ ni ó ń bá àwọn alààyè sọ̀rọ̀. Lárúbáwá tí àwọn ará Íjíbítì ń sọ nínú ilé àti lọ́jà ni ó kọ, kì í ṣe ti ìwé ìròyìn. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá mọ ìtumọ̀ èyí: ẹni tí ó fi èdè ilé bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ti wọ yàrá onítọ̀hún kí ó tó jíṣẹ́ tí a rán an.

Ó tún mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni òpó tí ó gbé ìjọba náà ró. Nítorí náà, kò kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni sí ìjà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ aṣọ dúdú, wọ́n lọ dúró létí òkun ní Alexandria, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí títì, wọ́n fi àlàfo sáàárín ara wọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìpéjọ tí òfin kà léèwọ̀ ni. Àwọn kan ń ka Àlùkùránì, àwọn kan ń ka Bíbélì, wọn kò sì pariwo. Ní ojú tiwa, èyí ni iṣẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gan-an. Ó jẹ́ kí ẹni tí ó ń bínú nínú yàrá rẹ̀ mọ̀ pé ará ilé kejì pẹ̀lú ń bínú.

Àléébù Èrò Inú Ìwé Náà

Bí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ń pe ẹ̀dà tuntun ní 2.0 ni òǹkọ̀wé ṣe pe ìjàgbara yìí. Èrò rẹ̀ ni pé ìjàgbara náà kò ní olórí, ọgbọ́n àwùjọ ni ó ń darí rẹ̀. Ó sọ pé ìlànà ìpolówó ọjà ni òun tẹ̀ lé: kí ènìyàn kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ojú-ìwé, kí ó dá sí ọ̀rọ̀, kí ó kópa nínú ìpolongo, kí ó tó bọ́ sí ìgboro. A rí àléébù mẹ́ta nínú èrò yìí.

Èkíní, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì ní òru ọjọ́ 27 mọ́jú ọjọ́ 28, fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ 28 yẹn gan-an ni ogunlọ́gọ̀ jáde, tí àwọn ọlọ́pàá sì fi ìgboro sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbéra. Ibi tí ènìyàn ti ń péjọ láti ayébáyé ni ó ṣe iṣẹ́ tí Facebook kò lè ṣe ní ọjọ́ náà. Àhámọ́ ni òǹkọ̀wé wà nígbà náà. Ìròyìn kò tó àfojúbà: ẹni tí ìwé fi ṣe ojú fún wa kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀.

Èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Mahalla al-Kubra ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2006, ìlú náà sì tún gbóná ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, kí ojú-ìwé Ghonim tó wà rárá. Ní ọdún 2011, àwọn ará Íjíbítì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ju àwọn tí ó ní in lọ. Ìwé náà kò fún irú àwọn wọ̀nyí ní àyè tí ó tọ́ sí wọn.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: ìpéjọ kì í ṣe ìṣàkóso. Lẹ́yìn tí Mubarak lọ, ẹgbẹ́ Ikhwan, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1928, tí ó sì ní ẹ̀ka káàkiri, ni ó jèrè ìdìbò. Mohamed Morsi di ààrẹ ní oṣù Kẹfà ọdún 2012. Ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 2013, àwọn ológun lábẹ́ Abdel Fattah el-Sisi gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ní ètò àti ọmọ ogun tí ó ní ìbọn ni wọ́n jọ du ilé. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pariwo wà níta. Ìpolówó pe oníbàárà dé ọjà, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ṣófo. Ìjọba tuntun náà sì ti kọ́ ẹ̀kọ́: òfin ọdún 2018 ka ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ju ọmọlẹ́yìn 5,000 lọ lórí ìkànnì ayélujára mọ́ ilé-iṣẹ́ ìròyìn, kí ọwọ́ ìjọba lè tó o.

A kò lè dá òǹkọ̀wé lẹ́bi fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ń kọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí pèpéle TED ní ọdún 2015 pé òun ṣìnà nígbà tí òun rò pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ti tó. Ohun èlò tí ó so wọ́n pọ̀ náà ni ó tún tan àhesọ àti ìkórìíra kálẹ̀ láàárín wọn. Ìjẹ́wọ́ yìí bu iyì kún un. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ìdajì ìtàn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé yìí yẹ ní kíkà fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa pẹ̀lú ké sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 láti tako ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, akẹ́kọ̀ọ́ wa sì lè béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ó kàn. Kí a má ṣe sọ fún wọn pé ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì kò wúlò, kí a má sì sọ pé ó tó. Ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá fún àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n pa Khaled Said. Ojú-ìwé náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kú. Ilé-ẹjọ́ ni ó dá a. Ìlú tí ó bá ní èkíní láìní èkejì yóò kàn máa sunkún ni.