Ìtàn Àròsọ Kì í Ṣe Irọ́

Ìwọ ọ̀dọ́ òǹkàwé mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ, kí ìwọ má baà dá irú rẹ̀ nígbà tí ìwọ náà bá di olùkọ́ tàbí òbí. Ní ọdún 1987, nígbà tí mo ń kọ́ni ní iléèwé kan, mo ká ọmọdékùnrin kan mọ́ ibi tí ó ti fi ìwé kan pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò rẹ̀, tí ó sì ń kà á. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni The Invisible Man, èyí tí H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní ọdún 1897. Mo bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ni ó sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ojú kò lè rí. Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú gbogbo kíláàsì, mo ní, "Irọ́ ni o fi ń ṣòfò ìgbà rẹ." Mo ju ìwé náà sínú àpótí mi, n kò sì dá a padà fún un mọ́.

N kò kábàámọ̀ pé mo gba ìwé náà ní àkókò ìṣirò, nítorí ohun gbogbo ni ó ní ìgbà tirẹ̀. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo pe ohun tí n kò kà ní irọ́, mo sì sọ ohun olóhun di tèmi.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, mo ń tú àwọn àpótí mi, mo sì bá ìwé náà níbẹ̀. Abala ìwé kan tí a ká sí méjì wà láàárín rẹ̀, níbi tí ọmọ náà kà á dé. Ní etí ojú ìwé kan níbẹ̀rẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé: "Bí ó bá jẹun, ṣé a kò ní rí oúnjẹ náà nínú rẹ̀?" Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kò pẹ́ tí mo fi bá ìdáhùn pàdé. Alárìnkiri kan ń bá ọkùnrin tí a kò rí yìí sọ̀rọ̀, ó sì ṣàkíyèsí búrẹ́dì àti wàràkàṣì tí ó jẹ, nítorí wọn kò tí ì dà nínú rẹ̀ tán. Ìbéèrè tí ọmọ náà bèèrè gan-an ni òǹkọ̀wé dáhùn! Àwọn àgbà ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi tí a fi ṣe àgbà lé e lórí ni n kò gbọ́n ní ọjọ́ náà.

Kí ni irọ́? Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ kí a lè fi tan ẹni tí ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ìyá mi àgbà ń pa àlọ́ Ìjàpá fún wa lálẹ́, kò sí ọmọ tí ó pè é ní òpùrọ́. A mọ̀ dájú pé Ìjàpá kò sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n a mọ ojúkòkòrò Ìjàpá dáadáa, nítorí a ti rí i lára àwọn ará ilé wa, àti lára àwa pàápàá nígbà tí a bá ń pín ẹran. Ohun tí a hun ni ìtàn náà; òótọ́ ni ohun tí ó fi hàn wá.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí ń jẹ́ àfẹ́ẹ̀rí. Ìtàn àwọn ọdẹ kún fún un: ọdẹ lo àfẹ́ẹ̀rí, ẹranko burúkú kò rí i mọ́, ó sì bọ́. Ibẹ̀ ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dúró sí. Wells kò dúró níbẹ̀. Ó mú ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣẹlẹ̀, ó sì fi òfin ayé yìí yí i ká. Bí o bá ki gíláàsì tí ó mọ́ gaara bọ inú omi, ìwọ yóò ṣe àkíyèsí pé kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú méjèèjì kọjá ní ọ̀nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Griffin, ọkùnrin inú ìwé náà, wá ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi gba inú ara rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ó sì rí i ṣe. Láti ibẹ̀ ni ìyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kò ní àfẹ́ẹ̀rí, nítorí náà ìhòòhò ni ó fi jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí òtútù mú gidigidi. Ajá gbóòórùn rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò fi ìrísí rẹ̀ hàn. Ọ̀nà tí ìtàn àròsọ ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń tọ̀ nìyí: yóò bèèrè pé, "Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ni yóò tẹ̀lé e?" kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá fún ìdáhùn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà pé Griffin ti ja bàbá ara rẹ̀ lólè kí ó lè rí owó ṣe iṣẹ́ yìí, pé owó náà kì í sì í ṣe ti bàbá náà, tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, mo dẹ́kun ẹ̀rín. Kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí ni ó sọ ọkùnrin yìí di ìkà. Ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo ojú ń rí i. Àfẹ́ẹ̀rí kàn ṣí ìlẹ̀kùn fún un ni. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ènìyàn lù ú pa lójú títì, ara rẹ̀ sì wá hàn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú. Bi ara rẹ léèrè, ọmọ mi: bí ojú olùkọ́ kò bá tó ọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kí ni ìwọ yóò ṣe?

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun gbogbo nínú ìwé náà ni ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú ojú Griffin kọjá, kí ni yóò fi ríran? Wells ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ bí ìkùukùu. Lójú tèmi, ìdáhùn yìí kò tó. Kọ́ láti yin ìwé níbi tí ó bá tọ́, kí o sì bá a jiyàn níbi tí ó bá kù díẹ̀ káàtó.

Ìwé yìí ni ó mú mi wá Frankenstein kà, èyí tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní ọdún 1818, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ogún ọdún péré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jámánì fi òkú ènìyàn àti ẹranko mọ ẹ̀dá kan, ó sì fún un ní ẹ̀mí. Bí ẹ̀dá náà ti la ojú ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí sá jáde nítorí pé ó burẹ́wà. Mo jẹ́wọ́ pé ìráhùn akẹ́kọ̀ọ́ náà sú mi ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan dùn mí dé ọkàn: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tí ó sọ ẹ̀dá yìí lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ kí ó tó gba orúkọ. Bàbá arúgbó afọ́jú kan nìkan ni ó bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ bàbá náà tí wọ́n ríran dé, wọ́n lé e jáde. Ẹ̀dá náà di apànìyàn, n kò sì dá a láre. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ẹni tí ó sì bí i tí ó sá lọ ni ìbéèrè kọ́kọ́ kàn.

Má ṣe rò pé ìwé òyìnbó nìkan ni ó yẹ kí a kà báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938. Ìjà àwọn iwin ni mo ń wá. Mo ń fo ìmọ̀ràn Ìràgbèje kọjá. Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn náà ni mo ń fi ara balẹ̀ kà. Ohun kan sì wà tí n kò bìkítà fún nígbà náà tí ó ń dà mí láàmú lónìí: bàbá Àkàrà-ògùn ni ó pa ìyá rẹ̀, a sì sọ fún wa pé àjẹ́ ni obìnrin náà. Ì bá wù mí kí n gbọ́ tẹnu ìyá náà pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé náà kò yí padà. Èmi òǹkàwé ni mo yí padà.

Nítorí náà, má ṣe yá ojú ẹlòmíràn ka ìwé, ìbáà ṣe ojú olùkọ́ rẹ. Bí ìwé bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín tàbí bí ó bá bí ọ nínú, sọ ọ́, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Fi pẹ́ńsùlù kọ ìbéèrè rẹ sínú ìwé tí ó jẹ́ tìrẹ. Kí o sì kà á parí kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Ọmọdékùnrin ìjọ́sí yóò ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí, bí ó bá wà láàyè. Títí di òní, n kò rí i. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Mo ti kà á dé ìparí, ṣùgbọ́n n kò yọ abala ìwé náà kúrò ní ibi tí ó fi í sí.